Ta Ní Ń Gbé Ìsàlẹ̀ Odò? Ìtàn Dáàmù Erùpẹ̀ Kéékèèké àti Ìpín Ewu Wọn

Ẹni tí ó bá gba Àrámọkọ kọjá sí Èrìjìyàn àti Ìkógòsì yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú. Òkè ni lọ́tùn-ún, òkè ni lósì, odò kéékèèké sì ń ṣàn láàárín wọn. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣòro fún olóko láti fi odi erùpẹ̀ dí ojú odò, kí ó fi omi rẹ̀ sin ẹja tàbí kí ó fi bomi rin ọ̀gbìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá kan ní Èrìjìyàn mú mi gun orí odi tirẹ̀. Mo bi í pé, "Bàbá, bí odi yìí bá já ńkọ́?" Ó ní, "Kò lè já, ọ̀mọ̀wé. Wo bí ó ti nípọn tó." Èsì náà dára, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣi ìbéèrè bi. Ìtàn ni ó kọ́ mi ní èyí tí ó yẹ kí n bi í.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kan wà ní Toccoa Falls tí ó ní dáàmù erùpẹ̀ tirẹ̀, Kelly Barnes ni orúkọ rẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 12 lọ. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni a ti ń fi omi rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1957, ìgbafẹ́ nìkan ni ó kù tí a ń fi ṣe. (Ohun tí kò mówó wọlé mọ́, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?) Ní òru ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá 1977, lẹ́yìn òjò ńlá, odi náà já. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹbí wọn ń sùn ní ìsàlẹ̀ odò. Ènìyàn 39 ni ó kú.

Òfin ti wà láti 1972 pé kí a yẹ àwọn dáàmù ilẹ̀ náà wò, ṣùgbọ́n iye wọn ni a kọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Àìtètè mú olè ni olè fi ń mú olóko. Lẹ́yìn Toccoa, Ààrẹ Carter pàṣẹ pé kí a lọ yẹ àwọn tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ wò, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí ewu wọn ga jù. Títí di 1981, a ti yẹ nǹkan bí 8,800 wò, a sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kò láàbò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìpín ewu kò sọ bóyá odi lágbára tàbí kò lágbára. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá já ni ó ń sọ. Bí ẹ̀mí yóò bá ṣòfò, ìpín gíga ni. Bí ó bá jẹ́ dúkìá ẹlòmíràn tàbí ọ̀nà ni yóò bàjẹ́, ìpín àárín ni. Bí ó bá jẹ́ oko onídáàmù fúnra rẹ̀ nìkan ni, ìpín ìsàlẹ̀ ni. Odi tuntun tí ó le koko lè wà ní ìpín gíga, odi tí ó ti sán lè wà ní ìpín ìsàlẹ̀.

Nílé níbí, Yunifásítì Ìbàdàn ní Dáàmù Awba, tí a fi erùpẹ̀ mọ ní 1964. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8.5, ó sì lè gba nǹkan bí 227 mílíọ̀nù lítà omi. Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀ràn dáàmù ńlá kì í ka èyí tí kò ga tó mítà 15 kún ńlá, àfi bí omi rẹ̀ bá ju bílíọ̀nù 3 lítà lọ. Omi Awba kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí. Síbẹ̀, nígbà òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100 nílùú Ìbàdàn, omi ba dáàmù náà jẹ́, ó sì ya lu oko ẹja àti ọgbà ẹranko yunifásítì. Ní Solai ní Kẹ́ńyà, ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2018, dáàmù erùpẹ̀ oko aládàáni kan já mọ́ àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lóru. Àwọn tí ó kú lé ní 40.

Ìpín ewu sì lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan odi. Ẹni tí ó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ ni ó yí i padà, onídáàmù lè má tilẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí mo kúrò lórí odi bàbá náà, mo tọ odò lọ sí ìsàlẹ̀. Oko kòkó ni mo kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ilé méjì tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan ti kan páànù, aṣọ ọmọdé sì wà lórí okùn níwájú rẹ̀.