Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Àwòrán Ọpọlọ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú agbárí ènìyàn. Ní 1973 ni Paul Lauterbur, ará Amẹ́ríkà, tẹ àwòrán àkọ́kọ́ jáde nípa ọgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì tó di ẹ̀rọ MRI lónìí. Òun àti Peter Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2003.

Oríṣiríṣi àwòrán ni ẹ̀rọ yìí ń yà lára orí kan náà. Nínú T1, omi inú ọpọlọ á dúdú, ààlà ẹ̀yà ọpọlọ á sì hàn kedere. Nínú T2, omi á tàn yòò, ibi tó wú náà á tàn. Èwo wá lomi, èwo ni wíwú? FLAIR ló ń pa ìmọ́lẹ̀ omi, kí ibi tó wú lè dá hàn. Bí wọ́n bá sì fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ gadolinium, T1 á fi ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń jò hàn.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ bí a ti ń pa wọ́n pọ̀? Ojú òfuurufú lọgbọ́n náà ti wá! Sátẹ́láìtì máa ń fi oríṣi ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wo ilẹ̀, torí pé oko kòkó àti igbó, bí irú èyí tó yí Oǹdó ká, lè jọra lójú ẹyọ kan. Ní 1985, Michael Vannier àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n yìí láti pín àwòrán MRI sí ẹ̀yà-ẹ̀yà. Láti 2012 ni ìdíje BraTS sì ti ń dán kọ̀ǹpútà wò, kó lè fa ìlà yí kókó inú ọpọlọ ká.

Àmọ́ orí ta ni kọ̀ǹpútà fi kọ́ṣẹ́? Tàwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. 58 ló wà ní Nàìjíríà, agbára ọ̀pọ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Àwòrán wọn kì í mọ́ tó tòkè òkun, ọ̀pọ̀ aláìsàn wa kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìdí nìyẹn tí BraTS-Africa fi bẹ̀rẹ̀ ní 2023, pẹ̀lú àwòrán láti Nàìjíríà.

Iṣẹ́ yìí ò kọjá agbára wa. FUTA ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ l'Ákùúrẹ́ látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1981. UNIMED, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, ń kọ́ni ní ìṣègùn l'Óǹdó. Dókítà ló ń fọwọ́ fa ìlà tí kọ̀ǹpútà ń wò kọ́ṣẹ́. Bá ò bá fi orí tiwa kọ́ ọ, orí ẹlòmíì ni yóò máa fi wo tiwa.