Ìgbànú tí bakitéríà fi ń di méjì: ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa FtsZ

Tẹ́ ẹ bá dé Ìjerò-Èkìtì, tẹ́ ẹ ní kírísítálì lẹ ń wá, ibi iṣẹ́ kùsà ni wọ́n máa júwe fún yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa tomalíìnì, òkúta iyebíye tó ń dán gbinrin. Àmọ́ kírísítálì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí kì í ṣe ti inú ilẹ̀. Purotéènì ni wọ́n fi ṣe é, purotéènì yẹn ló sì ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn kan di méjì, kí méjì di mẹ́rin. FtsZ lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní pólì, mi ò kọ́ bàólójì, torí náà bó ṣe yé mi ni mo ṣe máa sọ ọ́, láìsí gírámà.

Kí ni FtsZ ń ṣe?

Bakitéríà kì í lóyún, kì í yé ẹyin. Ṣe ló máa gùn, á ṣe ẹ̀dà DNA ẹ̀, àárín ẹ̀ á wá fún wọlé títí á fi já sí méjì. Tí oúnjẹ àti ooru bá tẹ́ E. coli, tó ń gbé inú ìfun wa, lọ́rùn, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ló fi ń ṣe é. Kòkòrò ikọ́ ife ò kánjú ní tiẹ̀. Ó tó nǹkan bí odindi ọjọ́ kan kó tó pín lẹ́ẹ̀kan.

Ta ló wá ń fún àárín ẹ̀ pọ̀? FtsZ ni. Ẹ fi ojú inú wo àpò gààrí tí wọ́n fi okùn so láàárín, àmọ́ kí okùn náà wà nínú àpò. Àwọn FtsZ á tò tẹ̀ léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á yí àárín bakitéríà ká, àwọn purotéènì mìíràn á sì wá bá wọn mọ ògiri tuntun síbẹ̀. Ọdún 1991 ni Erfei Bi àti Joe Lutkenhaus fi òrùka yìí han aráyé. Tí FtsZ ò bá ṣiṣẹ́, bakitéríà á kàn máa gùn lọ bí òwú ni, kò ní lè pín.

Báwo ni wọ́n ṣe rí àwòrán ẹ̀?

Purotéènì kéré ju ohun tí maikirosikóòpù tá a mọ̀ nílé ìwé lè fi hàn yékéyéké. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n á kó púpọ̀ nínú ẹ̀ jọ, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì fi í sínú omi tí wọ́n ti po nǹkan mọ́, títí á fi tò léra gẹ́lẹ́ bíi búlọ́ọ̀kù, á di kírísítálì. Wọ́n á wá ta x-ray sí i. X-ray yẹn á fọ́n ká, á ṣe tóótòòtó. Ìṣirò ni wọ́n á fi sọ tóótòòtó yẹn di àwòrán.

Iyọ̀ ìsebẹ̀ wà lára ohun tí William Bragg àti ọmọ ẹ̀, Lawrence, kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí yẹ̀ wò ní 1913. Bàbá àtọmọ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915. Iyọ̀, ṣúgà, tomalíìnì Ìjerò, gbogbo wọn ló ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n purotéènì lágídí. Ọ̀pọ̀ ọdún lèèyàn lè fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti di kírísítálì.

Oṣù kìíní ọdún 1998 ni Jan Löwe àti Linda Amos, ní ilé ìwádìí MRC ní Cambridge, gbé àwòrán FtsZ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Kì í ṣe ara kòkòrò àrùn ni wọ́n ti mú un o. Ara Methanococcus jannaschii ni, ẹ̀dá kékeré kan tó jẹ́ ìbátan ọ̀nà jíjìn sí bakitéríà, tí wọ́n rí nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde. Ooru bíi 85 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi Ìkọ̀gòsì rí, lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tibẹ̀. Purotéènì ẹ̀dá tó ń gbénú iná báyìí sábà máa ń le koko, kì í tètè tú.

Àwòrán náà mọ́ dé 2.8 Ångström. Ẹ pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá, kẹ́ ẹ mú bíi mẹ́ta níbẹ̀.

Kí ni wọ́n rí?

Apá méjì ni FtsZ ní, ọ̀pá gígùn kan so wọ́n pọ̀ láàárín. Apá kan ló ń di GTP mú, ìyẹn ohun tó ń fún un lágbára. Àmọ́ FtsZ kan ò lè dá lo GTP ẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí ìkejì bá jókòó lé e lórí ni ìdí ti òkè máa kan GTP ti ìsàlẹ̀, tí GTP á fi fọ́. Àjùmọ̀ṣe ni.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé nínú Nature ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Eva Nogales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní California gbé àwòrán tubulin jáde. Tubulin wà nínú sẹ́ẹ̀lì èmi àti ẹ̀yin. Ojú àwọn méjèèjì jọra bí ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ èròjà tí wọ́n fi kọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn: oògùn tó bá máa pa FtsZ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tubulin wa.

Ibo ni oògùn bá a dé?

Ní 2004, wọ́n rí àwòrán FtsZ ti kòkòrò ikọ́ ife gan-an. Ní 2008, èròjà kan tí wọ́n pè ní PC190723 gba àwọn eku tí Staphylococcus ì bá pa là. Ní 2012, kírísítálì fi hàn pé kòtò tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gígùn yẹn ni èròjà náà ń fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò tíì sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kankan. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ta á fún yín lórí WhatsApp, ẹ sá fún un.

Èyí tá a ní lọ́wọ́ la gbọ́dọ̀ tọ́jú, ohun tó sì ń bà á jẹ́ ni kápúsù méjì-méjì tá à ń rà, tá à ń dá dúró lọ́jọ́ kẹta torí ara ti fúyẹ́. Ẹni tó bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, ì báà jẹ́ Ìjerò, Arámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, kó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà ń lò ó, kò gbọ́dọ̀ dín ọjọ́ kan.

Ìṣirò ẹ̀ rèé: tí bakitéríà kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, tó ń pín ní 20 ìṣẹ́jú 20 ìṣẹ́jú, tí oúnjẹ sì wà, wákàtí mẹ́wàá ló máa fi lé ní bílíọ̀nù kan. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ ràn.