Láti Ọwọ́ Káfíńtà sí Ọwọ́ Wẹ́dà: Ìtàn Àtúnṣe Ara Ọkọ̀ Ìjàpá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọdún tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ọkọ̀ Volkswagen rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn. Nígbà tí ọkọ̀ náà di tèmi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ara rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà wẹ́dà kan tí ó ti lò ju ogójì ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kí ó tó tan iná rẹ̀ rárá, ó mú òòlù kékeré, ó ń kan ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fetí sí ìró rẹ̀. Níbi tí irin ṣì wà, ìró náà ń dún gooro. Níbi tí ó jẹ́ pé fílà àti ọ̀dà nìkan ni ó kù, kò dún ju bí ìgbà tí a kan pákó tí ó ti rà lọ. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, àwọn kan ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yìí ṣáájú mi o. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò ná."

Ohun tí a bá lábẹ́ ọ̀dà náà ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Àtúnṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gun orí ara wọn, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ta ni ó ṣe wọ́n? Níbo ni wọ́n ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Kí ni ó fà á tí ọ̀nà iṣẹ́ fi yí padà láàárín ọdún díẹ̀? Èrò tí ó gbajúmọ̀ nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá ni pé wẹ́dà jẹ́ àrólé alágbẹ̀dẹ. Èmi kò takò ó pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà bo ìtàn mìíràn mọ́lẹ̀, èyí tí káfíńtà, kábáàdì àti ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀.

Ògún àti ìlà tí a fà láti ẹnu ewìrì

Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé Ògún ni ó ni gbogbo iṣẹ́ irin. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀, mẹkáníìkì àti wẹ́dà ni wọ́n jọ ń bọ ọ́. Ìwé tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1989 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ kí gbogbo àgbáyé mọ bí òrìṣà yìí ṣe ń gba irinṣẹ́ tuntun mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀sìn kì í ṣe ìlà iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni méjì lè jọ pa ajá fún òrìṣà kan náà, kí ọ̀kan má sì mọ ohunkóhun nínú iṣẹ́ èkejì.

Nígbà tí C. V. Bellamy ṣe àpèjúwe ilé ìyọ́rin kan nítòsí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1904, iṣẹ́ yíyọ́ irin láti inú òkúta ti ń kú lọ, nítorí pé irin òyìnbó ti pọ̀ lọ́jà. Alágbẹ̀dẹ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Irin àlòkù ni ó ń rọ di ọkọ́ àti àdá. Bí ó bá fẹ́ so irin méjì pọ̀, yóò fi wọ́n sínú ẹyín iná, yóò fín ewìrì títí wọn yóò fi gbóná dé ibi tí wọ́n ń tan yẹ́rí, yóò sì fi òòlù lù wọ́n di ọ̀kan. Irin tí ó nípọn ni ọ̀nà yìí bá mu. Páànù ara ọkọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ ní nínípọn, yóò ti jóná kí òòlù tó kàn án.

Ohun kejì tí èrò àrólé náà gbójú fò ni bọ́lẹ̀kájà. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́kọ́ ń ṣe ara ọkọ̀ èrò ní ilẹ̀ wa, káfíńtà ni. Ṣásí àti ẹ́ńjìnnì ni ó ń ti òkè òkun dé. Káfíńtà ni ó ń fi pákó kan ìyókù, bẹ̀rẹ̀ láti orí àga ìjókòó títí dé ẹ̀gbẹ́ tí a ń kọ òwe àti àdúrà sí. Bí pákó bá rà, a ó yọ ọ́, a ó sì kan òmíràn. Ẹni tí ó mọ àtúnṣe ara ọkọ̀ láyé ìgbà náà ni ẹni tí ó mọ ayùn àti ìṣó. Ìgbà tí irin gba ipò pákó ni iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́lúè Èkó, tí àwọn wẹ́dà wa fi irin àti páànù kọ́ sórí ṣásí lọ́rì Mercedes 911, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ nípa ìyípadà yìí.

Iná kábáàdì

Iná tí ó lè so páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ̀ láìjó o run kò pẹ́ láyé. Thomas Willson ni ó rí ọ̀nà àtipèsè kábáàdì lọ́pọ̀ yanturu ní ọdún 1892. Bí omi bá kan kábáàdì, gáàsì acetylene ni yóò máa jáde lára rẹ̀. Ní ọdún 1895, onímọ̀ ará Faransé nì, Henri Le Chatelier, fi hàn pé bí a bá da gáàsì yìí pọ̀ mọ́ oxygen, iná rẹ̀ a máa gbóná ju ìwọ̀n 3,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1903, Edmond Fouché àti Charles Picard ti ṣe ọ̀pá iná tí oníṣẹ́ lè fi ọwọ́ mú. Kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn èyí tí Edward Budd ní ìlú Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin nìkan ṣe ara ọkọ̀, tí ó ń jó o pọ̀ dípò kí ó kàn án mọ́ igi. Nítorí náà, ara ọkọ̀ onírin àti iṣẹ́ wẹ́dà jọ dàgbà ni. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá fi iná so, iná náà ni a ó fi tún un ṣe.

Ní ilẹ̀ wa, kábáàdì pẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà fún ìdí mìíràn. Iná ìjórin oníná mànàmáná kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀. Àgbá kábáàdì kò bèèrè ju omi lọ. Ẹni tí ó bá rí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú àgbá rẹ̀, tí ó sì rò pé àìlajú ni, kò ro ti iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ mọ́ ọn.

Ìjàpá àti ìpáàrà

Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ yìí ní ọdún 1938. Nígbà tí èyí tí ó gbẹ̀yìn jáde ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 2003, iye tí wọ́n ti ṣe ti ju mílíọ̀nù 21 lọ. Àwọn ará Jámánì fi kòkòrò pè é, àwọn ará Brazil ń pè é ní Fusca. Yorùbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí igbá, wọ́n ní Ìjàpá ni. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba wà lára àwọn tí ó rà á. Ibẹ̀ ni ti bàbá mi ti wá.

Ibi méjì ni ìpáàrà ti máa ń kọ́kọ́ wọ inú Ìjàpá. Èkínní ni ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí báàtìrì wà. Bí ásíìdì rẹ̀ bá ń kán sílẹ̀, yóò jẹ ọ̀dà, yóò sì kan irin lára. Èkejì ni irin gígùn oníhò tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ní ọ̀tún àti ní òsì. Irin yìí gba iṣẹ́ méjì: òun ni ó di ara ọkọ̀ mú kí ó má wọ́, inú ihò rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ń gbà dé iwájú, kí òtútù má baà pa awakọ̀. Òtútù ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe é. Ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tí ó nílò ooru náà, ṣùgbọ́n omi òjò àti ẹrẹ̀ ń wọ inú ihò, wọn kì í sì í rí ibi jáde bọ̀rọ̀. Irin náà ń jẹra láti inú wá síta. Ìgbà tí ojú bá fi rí i, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti ju èje lọ.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún un. Irin tí ó bàjẹ́ báyìí ni a sọ pé ó dógùn-ún. Ìpáàrà sì ni Bíbélì Yorùbá lò nínú Mátíù orí kẹfà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa so dógùn-ún mọ́ orúkọ Ògún. Ìjọra ìró nìkan kò tó ẹ̀rí fún èyí, n kò sì ní gbé ohunkóhun kà á nínú iṣẹ́ yìí.

Ara ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn

Bàbá mi ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ìnáwó ọkọ̀ sí, ìwé náà sì jẹ́ kí n mọ ọdún tí wọ́n ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún 1982. Wẹ́dà ìgbà náà gé gbogbo ibi tí ó bàjẹ́ kúrò lábẹ́ báàtìrì, ó gé páànù tuntun tí ó bá ojú ihò náà mu rẹ́gí, ó sì fi gáàsì àti bráàsì so ó pọ̀. Ojú ìjó náà tẹ́jú, kò sì tíì jẹ títí di òní.

Ọdún 1989 ni ti èkejì. Wọn kò gé ohunkóhun kúrò. Wọ́n lẹ páànù lé irin tí ó ti jẹ, wọ́n sì fi iná mànàmáná jó etí rẹ̀ káàkiri. Ihò kéékèèké tí iná náà lu ṣì wà níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta, ní ọdún 1994, kò ní iná nínú rárá. Fílà ni wọ́n fi dí ojú ihò, wọ́n yùn ún, wọ́n sì kùn ún lọ́dà.

Ó rọrùn láti sọ pé wẹ́dà àkọ́kọ́ mọ iṣẹ́, pé àwọn tí ó tẹ̀lé e kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó náà sọ ohun mìíràn. Ní ọdún 1986 ni ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀; náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kúrò ní ohun tí owó oṣù tíṣà lè rà. Àkókò náà ni tòkunbọ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a sì gbé wálé, di orúkọ ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tí kò lè ra tòkunbọ̀, èyí tí ó ní ni yóò máa tún ṣe. Ní ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ ọdún 1989, bàbá mi kọ ọ́ pé, "Iye tí ó kọ́kọ́ pè kò ṣe é san. Mo ní kí ó ṣe é níwọ̀n owó ọwọ́ mi." Ìyẹn ni pé àléébù iṣẹ́ náà kì í ṣe ti wẹ́dà nìkan, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ìjọba náà sì ní tirẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti kọ ìtàn orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ó tó láti kọ́ wa ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi àwọn yòókù.

Àtúnṣe kẹrin

Àgbà wẹ́dà yìí kọ́kọ́ tú báàtìrì, ó sì sọ táńkì epo kalẹ̀, nítorí iwájú ni táńkì Ìjàpá wà. Ó jó ọ̀pá irin mọ́ àárín ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí ó tó gé irin oníhò náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara ọkọ̀ yóò wọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní tì mọ́. Ó gé irin títí ó fi dé ibi tí ó ń tàn. Nígbà tí ó ń jó páànù tuntun, kò fà á lọ tààrà. Ó kán an níhìn-ín, ó kán an lọ́hùn-ún, ó sì ń dúró kí ó tutù, torí páànù tí ooru bá pọ̀ jù fún a máa ká. Ó ṣí ihò tí omi yóò máa gbà jáde, ó sì da òróró sínú irin náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ṣe ohun tí àwọn ti ọdún 1994 fi ọ̀sán kan ṣe.

Mo bi í léèrè bóyá ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní káfíńtà bọ́lẹ̀kájà ni bàbá òun. Nígbà tí iṣẹ́ pákó kú ni wọ́n fi òun sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, géètì àti irin ojú fèrèsé sì ni ọmọ náà fẹ́ràn láti máa ṣe, nítorí ibẹ̀ ni owó wà.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá ń fa ìlà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, àwọn bíi bàbá àgbà yìí kò ní sí nínú ìtàn wa. Òwò kábáàdì, ikú bọ́lẹ̀kájà, ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ àti wíwálẹ̀ náírà wà lára ohun tí ó sọ wẹ́dà di ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀rí wọn wà lára ọkọ̀ tí a ń tà fún àwọn olówó irin àlòkù lójoojúmọ́, ó sì wà lẹ́nu àwọn àgbà tí a kò tíì fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Mo ní kí wẹ́dà náà má sọ páànù ọdún 1982 tí ó gé kúrò nù. Ó wà nínú ọ́fíìsì mi báyìí. Nígbà tí mo fẹ́ kọ àkọlé sí i lára, mo padà sínú ìwé bàbá mi láti wá orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bàbá mi kọ orúkọ ẹni tí ó ta báàtìrì fún un, ó kọ orúkọ ẹni tí ó ta táyà. Níwájú iye owó iṣẹ́ tí ó dára jù lọ lára ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí ó kọ kò ju "wẹ́dà" lọ.