Ìyẹ́ Àkùkọ Lẹ́nu Ìwọ̀

Bí ẹnì kan bá dé etí odò abúlé yín, tó ní ìyẹ́ àkùkọ lòun fẹ́ fi pẹja, pé òun ò fẹ́ ekòló, òun ò fẹ́ ìdẹ kankan tó ṣeé jẹ, ẹ ó kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn apẹja Makedóníà ń ṣe nìyẹn ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Odò wọn, Astraeus, ń ṣàn láàárín Bèríà àti Tẹsalóníkà, ìlú méjì tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè.

Claudius Aelianus, ará Róòmù kan tó ń kọ̀wé ní èdè Gíríìkì, ló ròyìn wọn ní nǹkan bí ọdún 200. Ó ní ẹja abàmì lára kan wà nínú odò náà, tó máa ń jẹ kòkòrò kan tó ń fò lójú omi. Kòkòrò ọ̀hún ò ṣeé fi ṣe ìdẹ, torí bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, ìyẹ́ rẹ̀ á rọ, ẹja ò sì ní yà sí i mọ́. Kí làwọn apẹja wá ṣe? Wọ́n wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n so ìyẹ́ méjì tí wọ́n tu lábẹ́ ọ̀fun àkùkọ mọ́ ọn, ìyẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìda oyin. Ọ̀pá wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, okùn wọn náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jù ú sójú omi, ẹja á rò pé oúnjẹ dé. Ó parí.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé Aelianus ò dé odò yẹn. Wọ́n ní ó máa ń fọ́nnu pé òun ò kúrò nílẹ̀ Ítálì rí láyé òun. Gbígbọ́ ló gbọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ò kọ̀wé. Ẹni tó kọ̀wé ò mọ iṣẹ́. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, tí à ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn oníjàlá, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí orúkọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ dání ló máa ń wà lẹ́yìn ìwé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹja ọ̀hún, trout ni. Omi tútù nini tó ń já bọ́ láti orí òkè ni trout fẹ́ràn. Bí omi bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 20 Celsius, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni í, kò ní jẹun dáadáa mọ́. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí odò Ògùn. Ó máa ń kọjú sókè odò, síbi tí omi ti ń bọ̀, á dúró lẹ́yìn òkúta, á máa retí ohun tí omi bá gbé wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹni tó gbọ́n ti ń bọ̀, láti ìsàlẹ̀ odò, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀. Eṣinṣin àtọwọ́dá tó wà lẹ́nu ìwọ̀ fúyẹ́ débi pé kò ṣeé sọ bí òkò. Okùn ló wúwo díẹ̀. Òun ni ọ̀pá ń jù, òun ló sì ń gbé eṣinṣin lọ. Tó bá ti bà lójú omi, ó gbọ́dọ̀ máa bá omi lọ bí omi ṣe ń lọ. Bí okùn bá fà á díẹ̀ báyìí, tó fi sáré ju omi lọ, ẹja ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ lórí ẹja pípa jáde ní 1496, láti ọwọ́ Wynkyn de Worde ní Westminster. Ó to eṣinṣin àtọwọ́dá 12 sílẹ̀, ó sọ oṣù tí kálukú wà fún, ó kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ọ̀pá àti bí a ṣe ń fi irun ìrù ẹṣin hun okùn. Ó tún kìlọ̀ pé kéèyàn má kó ẹja lákòójù, kó má ba ọgbà olóko jẹ́, kó sì ti géètì tó bá ṣí. Wọ́n ní obìnrin ló kọ ọ́: Dame Juliana Berners, olórí ilé àwọn sístà ní Sopwell. Àwọn òpìtàn wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn olórí ilé náà títí, wọn ò rí i. Apá tó sọ̀rọ̀ ọdẹ ṣíṣe nínú ìtẹ̀jáde 1486, tí kò tíì sí ọ̀rọ̀ ẹja nínú rẹ̀, ni orúkọ tó jọ tirẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá kó ti ẹja mọ́ ọn. Làwọn kan bá ní kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Èmi ò yára bá wọn gbè é o. Akọ ni o, abo ni o, ẹni tó kọ ìwé yẹn ti fọwọ́ ara rẹ̀ wé ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀. Ìyẹn hàn kedere.

Izaak Walton ló wá gba òkìkí. The Compleat Angler jáde ní 1653. Ṣùgbọ́n Walton, oníṣòwò aṣọ ní London, ekòló àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ìdẹ tó mọ̀ jù. Nígbà tó kan eṣinṣin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Cotton, tó fi 37 ọdún jù lọ, ló bá a kọ ọ́ sínú ìtẹ̀jáde 1676. Akéwì ni Cotton, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. (Iṣẹ́ wa yìí ò yí padà!) Etí odò Dove ló ń gbé, ní àárín àwọn òkè Derbyshire àti Staffordshire. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ò ju pé kí okùn tín-ín-rín, kí apẹja sì jìnnà sí ẹja.

Nígbà tó di ọ̀rúndún 19, àwọn olówó sọ ọ́ di òfin. Frederic Halford, tó ń pẹja ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Hampshire, kọ̀wé ní 1886 lórí eṣinṣin tó ń léfòó. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní tí kò bá léfòó, kì í ṣe ti ọmọlúwàbí mọ́. Lọ́yà kan, G. E. M. Skues, ò gbà. Ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ mùdùnmúdùn inú egungun ló ń fi wo inú trout tó bá pa. Ó rí i pé abẹ́ omi ni ẹja ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, torí kòkòrò wọ̀nyí lè lo ọdún kan tàbí méjì lábẹ́ omi kó tó hu ìyẹ́, tó bá sì hu ìyẹ́ tán, ó lè má ju ọjọ́ kan lọ láyé. Skues kọ ọ́ síwèé ní 1910. Ní 1938, tí bàbá ti ń lọ sí 80 ọdún, wọ́n ṣì ń bá a jiyàn lórí rẹ̀ ní London.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń pẹja nínú ìṣàn omi òkè ní Scotland ti ń fi eṣinṣin tó ń rì pẹja tipẹ́tipẹ́. W. C. Stewart kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1857, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé rẹ̀ ni pé ó dárúkọ ọ̀gá. James Baillie, ó ní, ló fi irú eṣinṣin tóun ń lò han òun. Ìlà kan péré ni. Aelianus ò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹja náà gan-an ti rìnrìn àjò dé Áfíríkà. Ní 1905, Ewart Grogan kó trout láti Loch Leven ní Scotland wá sí Kenya, wọ́n sì tú wọn sínú odò Gura lórí òkè Aberdare, tó ga tó nǹkan bí mítà 4,000. Ibẹ̀ tutù, ó bá wọn lára mu. Fàájì àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ Kikuyu ni wọ́n wà fún. Nígbà tí ogun Mau Mau bẹ̀rẹ̀ ní 1952, inú igbó òkè yẹn náà làwọn jagunjagun sá wọ̀, lẹ́bàá àwọn odò yẹn. Òmìnira dé ní 1963. Trout ṣì wà nínú Gura, wọ́n kọjú sókè odò.