Bí a ṣe ń tẹ òǹtẹ̀ sára ọṣẹ tí a ṣe nílé

Ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń fi eérú sè rọ̀, òǹtẹ̀ kì í dúró lára ẹ̀. Èyí tí a fi epo pupa tàbí àdín àti sóódà ṣe ló ń le tó.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí sóódà ṣì ń jóni. Tí ọṣẹ tẹ́ ẹ gé kò bá lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mọ́, tí ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́, àsìkò tó nìyẹn. Tó bá tutù jù, á fà mọ́ òǹtẹ̀. Tó bá gbẹ jù, á sán. Ẹ fi epo díẹ̀ ra ojú òǹtẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á sókè tààrà.

Káfíńtà Adakplamè lè fi igi líle gbẹ́ òǹtẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kó gbẹ́ lẹ́tà sódì, bó ṣe ń rí nínú jígí.

Àwọn ará Marseille, nílẹ̀ Faransé, máa ń tẹ « 72% » sára tiwọn: ìwọ̀n ọ̀rá inú rẹ̀ ni. Lójú tiwa, ẹni tí kò wọn nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́, irọ́ ni. Orúkọ abúlé tàbí àmì ilé yín tó. Òun ni oníbàárà á fi mọ̀ yín lọ́jà Kétu.

Ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ 4 kẹ́ ẹ tó tà á. Á sún kì díẹ̀, nítorí náà kí lẹ́tà má kéré jù.