Múdù Ànábì àti Kóńgò Ọjà: Ìtàn Òṣùwọ̀n Kan

Ní ìparí ààwẹ̀ Ràmàdáánì, múdù mẹ́rin oúnjẹ ni Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń yọ fún aláìní lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀. Bí ó bá fi kóńgò ọjà mẹ́rin wọ̀n ọ́n, yóò yọ ju bí ó ti yẹ lọ dáadáa. Bí ó bá yọ kóńgò kan péré, yóò dín in kù. Orúkọ pàápàá ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà, nítorí àwo tí àwọn Hausa ń pè ní mudu ní ọjà tóbi púpọ̀ ju mudd ti àwọn Lárúbáwá lọ.

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, mudd ni ìwọ̀n ohun tí ọkùnrin tí kò tóbi tí kò sì kéré lè fi ọwọ́ méjèèjì bù lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin rẹ̀ ni sáà kan (kì í ṣe sáà tí í ṣe àkókò). Òun ni wọ́n fi ń wọn dàbínù àti ọkà bálì ní Mẹ̀dínà.

Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tàn dé Ìráàkì, àríyànjiyàn dé. Abu Hanifa, tí ó kú ní 767, gbà pé ratl 8, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n ìwúwo, ni sáà kan; àwọn ará Mẹ̀dínà ní ratl 5 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ìyàtọ̀ náà kò kéré lójú ẹni tí ń retí oúnjẹ. Àwọn òpìtàn sọ pé Abu Yusuf, ọmọlẹ́yìn Abu Hanifa, wá bá Malik (tí ó kú ní 795) jiyàn ní Mẹ̀dínà. Dípò àwíjàre, àwo ni wọ́n kó jáde fún un. Oníkálùkù gbé ti ilé rẹ̀ wá, ó ní ọ̀dọ̀ bàbá òun ni òun ti jogún rẹ̀, àti pé òun ni wọ́n fi wọn sàká fún Ànábì. Abu Yusuf wọ̀n wọ́n, wọ́n dọ́gba, ó sì fi èrò olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Abu Hanifa yòókù kò tẹ̀ lé e.

Ní Mòrókò, lábẹ́ Abu al-Hasan tí ó gorí oyè ní 1331, wọ́n fi idẹ rọ mudd, wọ́n sì fín orúkọ àwọn tí ó fi ìwọ̀n náà léni lọ́wọ́ sí i lára títí dé ọ̀dọ̀ Zayd ibn Thabit, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì.

Ọ̀nà Malik ni ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, nítorí náà múdù Mẹ̀dínà ni tirẹ̀. Múdù mẹ́rin ìrẹsì súnmọ́ kílò méjì àtààbọ̀. Gàrí fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwo kan náà.