Oníbodè Tábà: Ìtàn Àwọn Ilé Ìjókòó Amutábà

Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà ọjà ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọ̀nà lásán. Bodè wà níbẹ̀, oníbodè sì wà ní bodè. Ẹni tí ó bá ru ẹrù kọjá yóò san owó bodè. Ẹni tí kò bá ní in yóò padà sẹ́yìn. Oníbodè kò gbin nǹkan, kò hun nǹkan, kò sì ru ẹrù. Síbẹ̀, ọjà kì í kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ má kàn án. Àwa fẹ́ fi ojú oníbodè yìí wo ìtàn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í sábà bá pàdé nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn: ìtàn tábà, pàápàá jù lọ ìtàn àwọn ilé tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí láti mu ún.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lónìí. Sìgá ewé ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èyíinì ni sìgá tí a fi odidi ewé tábà ká, tí a kò fi bébà dì. Oníbàárà á rà á, á jókòó sórí àga tí ó rọ̀, á mu ún títí yóò fi tán. Bí a bá wo irú ilé yìí dáadáa, ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń bí: Ta ni a gbà kí ó wọlé? Kí ni ó san kí ó tó jókòó? Ọwọ́ ta ni èrè bọ́ sí? Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe tuntun, àti pé ìdáhùn kan náà ni ìtàn ń fún wa láti ìgbà dé ìgbà: ẹnu-ọ̀nà ni ó ń pa owó, kì í ṣe èéfín.

Tábà Bahia ní etí òkun wa

Tábà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní etí òkun wa láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ti agbègbè Cachoeira ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil tí àwọn Potogí ń ṣàkóso nígbà náà. Ewé tí ó dára jù ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Ewé onípò kẹta, èyí tí ọjà Yúróòpù kọ̀, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Áfíríkà. Kí ewé yìí má baà gbẹ kí ó sì fọ́, wọ́n á fi oje ìrèké tí wọ́n sè títí ó fi ki pa á lára, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a jọ, wọ́n á sì fi awọ màlúù dì í. Oje ìrèké yìí gan-an ni ó fún un ní adùn àti òórùn tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa fẹ́ràn. Báyìí ni ohun tí a kọ̀ ní Lisbon ṣe di ọ̀wọ́n ní Ouidah. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gba orúkọ Fátúmbí ní ìlú Kétu, ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún nínú ìwé ńlá rẹ̀, Flux et reflux, tí ó jáde ní ọdún 1968.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn oníbodè. Ní ọdún 1637, àwọn ará Họ́láńdì gba odi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọjà Yúróòpù sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n tábà Bahia kò sí. Dípò kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ àwọn Potogí pátápátá, wọ́n dá bodè sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ti Brazil wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sí Elmina kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà rẹ̀ sílẹ̀; lẹ́yìn náà ni yóò lè ṣòwò ní èbúté mẹ́rin péré: Grand-Popo, Ouidah, Jakin àti Apá.

Bodè kejì wà ní Ouidah fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọba Dahomey ṣẹ́gun ìlú náà ní ọdún 1727, ìjòyè tí a ń pè ní Yovogan di alábòójútó ọ̀ràn àwọn òyìnbó. Ọ̀gá ọkọ̀ kan kò lè ṣí ọjà kí ó má gba ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì san ohun tí àṣà là sílẹ̀. Nígbà tí tábà bá fi dé ọwọ́ àwọn ará òkè bí tiwa, ó ti gba ọwọ́ oníbodè púpọ̀, iye rẹ̀ sì ti lé sí i ní bodè kọ̀ọ̀kan.

A kò gbọdọ̀ fi adùn ìtàn bo ohun tí ọjà yìí jẹ́ mọ́lẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n fi tábà náà rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Nàgó àti àwọn Gùn tí ó gba ẹnu-ọ̀nà Ouidah jáde, Bahia ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, níbi tí tábà náà ti wá. Ẹni tí ó mú ìkòkò tábà rẹ̀ jókòó ní àgbàlá rẹ̀ lè má mọ iye tí a san fún un ní òdìkejì ẹnu-ọ̀nà. Ohun tí bodè máa ń ṣe nìyẹn: kì í jẹ́ kí ẹni tí ó wà nínú ilé rí ẹni tí ó wà ní ìta.

Lọ́ńdọ̀n, 1828: owó ìjókòó

Ní agbo ilé wa, àgbà tí ó ń fa ìkòkò rẹ̀ lábẹ́ igi odán kò san owó ìjókòó fún ẹnikẹ́ni. Àlejò tí ó bá bá a níbẹ̀ lè gba tábà tàbí aáṣáà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú obì. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀n, ẹnìkan rí i pé a lè ta ìjókòó pàápàá. Ní ọdún 1828, Samuel Reiss ṣí ilé kan tí a pè ní Grand Cigar Divan ní òpópónà Strand. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa wá déédéé yóò san gínì kan lọ́dún. Àlejò ọjọ́ kan yóò san pẹ́nì mẹ́fà. Bí ó bá fẹ́ kọfí àti sìgá pẹ̀lú rẹ̀, yóò san ṣílè kan àti pẹ́nì mẹ́fà. Sìgá, kọfí, ìwé ìròyìn, àga tìmùtìmù àti ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ayò ṣẹ́ẹ̀sì Yúróòpù fi ibẹ̀ ṣe ilé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1848, John Simpson, ọ̀gá nínú iṣẹ́ oúnjẹ, dara pọ̀ mọ́ Reiss. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ti ẹran sísun ńláńlá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí àwọn tí ń ta ayò má baà dìde. Díẹ̀díẹ̀, ẹran borí èéfín. Ilé sìgá di ilé oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Simpson's-in-the-Strand. Ní ti àwọn obìnrin, títí di ọdún 1984 ni wọn kò gbà wọ́n láyè nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé oúnjẹ náà ní ọ̀sán. Sìgá ti kúrò lórí oyè tipẹ́, ṣùgbọ́n oníbodè ṣì wà ní ẹnu-ọ̀nà.

Kí ló dé tí ẹran fi borí? Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe ni. Sìgá ewé kan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tán. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí ń mu ún jókòó lórí àga kan, kò sì sí ìdí tí yóò fi ra òmíràn. Àga mẹ́wàá, ọjà mẹ́wàá ní wákàtí kan. Síbẹ̀, onílé ń san owó ilé, ó ń san owó iná, ó ń tọ́jú sìgá nínú àpótí tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín kò sì gbọdọ̀ lé, ó sì ń wá ọ̀nà tí èéfín yóò gbà jáde. Èrè orí sìgá nìkan kì í sábà gbé ìnáwó yìí. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún un: kí ó ta ohun jíjẹ àti ohun mímu, kí ó gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tàbí kí ó ya àpótí ìtọ́jú sìgá fún olówó. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ó ń tà gan-an ni àǹfààní láti wà nínú ilé nígbà tí àwọn ẹlòmíràn wà ní ìta.

Àwọn tí ó ká ewé

Ní ìta náà ni àwọn tí ó ṣe sìgá wà. Ní ọdún 1873, Geraldo Dannemann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní São Félix, tí odò kan ṣoṣo là láàárín rẹ̀ àti Cachoeira. Àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ká ewé ní agbègbè náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó gba Ouidah kọjá. Ní ọdún 1888 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní Brazil. Ọwọ́ wọn ni ó ká sìgá tí a gbé sínú àpótí olówó ní Yúróòpù. Kò sí àga tí a tẹ́ dè wọ́n níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ sìgá mọ bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn tiwọn. Ní Havana, ní erékùṣù Kúbà, ní ọdún 1865, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ El Fígaro dá owó jọ nínú owó iṣẹ́ wọn láti sanwó fún ẹnìkan tí yóò máa ka ìwé sókè fún wọn bí wọ́n ti ń ká ewé. Ìjọba amúnisìn Sípéènì fòfin dè é ní ọdún kejì. Àṣà náà padà wá, ó sì wà títí di òní. Nínú gbogbo ìtàn tí a ń sọ yìí, ibẹ̀ nìkan ni a ti rí i pé àwọn tí ó dá owó ìjókòó jọ ni àwọn fúnra wọn tí ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n sì rà ni ìmọ̀.

Nígbà tí òfin di oníbodè

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìlà tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 sọ ilẹ̀ baba wa di bodè. Sakété àti Pobẹ̀ bọ́ sí ìhà kan, Ìlaró àti Ìpókíá bọ́ sí ìhà kejì. Tábà àti ọtí wà lára ọjà tí wọ́n ń gba owó lé lórí, owó tí àwọn aṣọ́bodè sì ń gbà di òpó pàtàkì nínú ìnáwó ìjọba amúnisìn.

Ní ọ̀rúndún kọkànlélógún, òfin fúnra rẹ̀ wá dúró ní ẹnu-ọ̀nà yàrá ìmutábà nítorí ìlera. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní bodè tirẹ̀. Ní New York, láti ọdún 2003, ilé ọtí tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ó wọlé fún un ní ọdún 2001 ti ara tábà wá nìkan ni ó lè máa jẹ́ kí wọ́n mu sìgá nínú rẹ̀. Àwọn tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí fún. Ẹni tuntun kò lè wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2007, ṣọ́ọ̀bù tí ó ju ìdajì ọjà rẹ̀ lọ bá jẹ́ sìgá ewé, aáṣáà, tábà ìkòkò àti ohun èlò wọn lè jẹ́ kí oníbàárà tọ́ sìgá ewé tàbí tábà ìkòkò wò nínú ilé. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin tí ó dé ilé kọfí ní ọdún 2008 gba yàrá ìmutábà láàyè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju mítà 35 níbùú lóròó lọ, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ilé lọ, ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ rántí ìṣirò wa: bí agbáwo kò bá lè wọlé, yàrá kò lè pa owó fún ara rẹ̀. Òfin náà kò ti ilẹ̀kùn. Ó kàn mú èrè kúrò nídìí rẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ sì yé ni. Ẹni tí ó san owó lè yan èéfín fún ara rẹ̀. Agbáwo tí ó dúró nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò yàn án.

Bodè tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí Àdéhùn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí tábà, tí ó di òfin ní oṣù Kejì ọdún 2005. Òfin tábà tiwa ti ọdún 2017 ka mímu tábà léèwọ̀ ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò, ó sì ka títà á fún ọmọdé léèwọ̀. Bodè wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ta ni ó ń ṣọ́ ọ? Kò sí ilé ìjókòó olówó ní Sakété tí ń gba gínì lọ́dún. Ohun tí a ní ni tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí sìgá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìtì, àti àgbàlagbà tí ó ń fi owó wẹ́wẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ pé: "Lọ ra sìgá wá fún mi." Ọmọ náà dé ẹnu-ọ̀nà tí òfin ní kò gbọdọ̀ dé, àgbàlagbà ni ó sì rán an.

Ọ̀rúndún púpọ̀ ni àwọn alágbára fi ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà tábà nítorí owó: ní Elmina, ní Ouidah, ní Strand. Wọ́n mọ ẹni tí ó wọlé, wọ́n sì mọ iye tí ó san. A kò gbọ́ pé àìrójú kan mú kí wọ́n gbàgbé láti gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí a bá lè ṣọ́ bodè tó bẹ́ẹ̀ nítorí èrè, àwa kò rí àwíjàre kankan fún ẹni tí ó sọ pé a kò lè ṣọ́ ọ nítorí ọmọ. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọjà náà rèé níwájú wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ sìgá, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ rà á.